Àtẹ̀gùn Tí Ràṣídì Ń Gùn

Ẹ kú ilé o, Màámi. Èmi Gàníyù, àkọ́bí yín, ni mo dọ̀bálẹ̀ síbí o, lórí kápẹ́ẹ̀tì tútù, pẹ̀lú orúnkún tí kò fẹ́ tẹ̀ mọ́. Mo kí yín kú ìtọ́jú ilé, mo kí yín kú àdúrà tí ẹ kì í jẹ́ kó já. Mo kí Sìkírátù ìyàwó wa, nítorí mo mọ̀ pé òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí àwọn ọmọ, mo kí àwọn ayálégbé tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ràṣídì àbúrò mi, ìwọ ni mo kí kẹ́yìn, nítorí níwájú rẹ ni ojú ti ń tì mí jù.

Màámi, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yàrá méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé bàbá wa ní Bariga. Ẹ lè sọ pé èwo ni ti èyí, ta ni kò mọ̀ nínú ilé? Òótọ́ ni, gbogbo yín ló mọ ẹni tó fi àgádágodo sí i. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí mo tì í gan-an, mo ti mọ̀ nínú ara mi pé n kò ní padà wá ṣí i. Irọ́ ni mo fi lé àbúrò mi jáde níbi tó ti ń jẹun. Irọ́ yẹn náà ló sì ń mú un gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ báyìí, pẹ̀lú ọkàn tí kò lágbára mọ́.

Mo bẹ Sìkírátù pé kó má ka lẹ́tà yìí ní kọ̀rọ̀. Kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó kà á sókè, kí àwọn ayálégbé náà gbọ́. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá, bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdí ni pé gbangba ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Mo sì mọ̀ pé àgádágodo tèmi nìkan kọ́ ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní Ṣómólú àti Bariga, tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lókè òkun, tí àwọn tó wà nílé ń sùn mọ́ra wọn bí ẹja inú agolo.

Ẹ rántí ọjọ́ àdúrà ogójì Bàbá. Nígbà náà, yàrá iwájú tó kọjú sí títì ni Ràṣídì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sí, yàrá tó tẹ̀lé e ni òun àti Sìkírátù ń sùn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fún un láyè níbẹ̀. Èmi dé láti ìlú òyìnbó, mo wọ kóòtù nípọnnípọn nínú oòrùn, òógùn ń ṣàn lára mi, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi bọ́ ọ. Nígbà tí àwọn alùfáà ti ṣàdúrà tán, tí àwọn àbúrò Bàbá ṣì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dìde. Mo ní mo fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn fún àwọn aláìsàn ọkàn nínú yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì. Mo ní èmi ni dáódù. Mo ní ẹ̀rọ tó ń pariwo, tó ń da íǹkì sílẹ̀, kò yẹ ilé Bàbá wa. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún mi. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́ fún ilé ìwòsàn?

Ràṣídì kò bá mi jiyàn. Ó kàn béèrè bóyá mo lè jẹ́ kó parí káàdì ìgbéyàwó tó gbà lọ́wọ́ àwọn kan ní Fọlá Agoro, kí ọjọ́ má baà pé mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní kó lọ parí rẹ̀ níbòmíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ atẹ̀wé wá láti Bajulaiye pẹ̀lú ọmọlanke, wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n ń kó o jáde ní wẹ́wẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí wọ́n rọra o, kí íǹkì má lọ ta sí kóòtù dókítà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. N kì í ṣe dókítà, Màámi. N kò pe ara mi bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀, n kò sọ pé rárá.

Ràṣídì àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sókè, sí yàrá abẹ́ páànù tí oòrùn ń yan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi gbé bẹ́ẹ̀dì onírin kan sí yàrá ìsàlẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ọkàn kan tí ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lókè òkun ti pa tì sí i, mo fi àgádágodo ńlá sẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí a ń gbà wọ yàrá méjèèjì, mo kó kọ́kọ́rọ́ sápò. Kí n tó lọ, mo sọ fún yín pé àwọn ológun ni kò jẹ́ kí n tíì dúró. Mo ní bí wọ́n bá ti gbé ìjọba sílẹ̀, ẹ ó rí mi.

Wọ́n gbé e sílẹ̀. Ìjọba alágbádá dé, inú gbogbo ilé dùn, ẹ̀yin náà sì pè mí láti ibi tí wọ́n ti ń san owó ìpè nígbà náà, ẹ ní ṣé kí àwọn ọmọ gbá iwájú yàrá mi, nítorí pé àwọn sọ́jà ti lọ. Mo ní kí n ṣì wo bí àwọn olóṣèlú yóò ṣe ṣe é. Ẹ tún pè, mo ní iná mànàmáná kò tíì dúró dáadáa. Ẹ tún pè, mo ní àwọn ọmọ mi kò tíì parí ilé ìwé. Àwọn ọmọ náà ti parí tipẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn ti bí ọmọ tiwọn.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí, ó sì ń tì mí lójú láti kọ ọ́. Níhìn-ín, ẹnì kan lásán ni mo jẹ́. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò lè pe orúkọ mi tán. Ṣùgbọ́n ní Bariga, ilẹ̀kùn títì yẹn ló ń bá mi jẹ́ ẹni ńlá. Bí àlejò bá wọ ilé, tó bá béèrè ta ló ni yàrá yẹn, wọn á ní Gàníyù ni, ó ń bọ̀ wá ṣí ọsibítù. Bí mo bá fi lè ṣí ilẹ̀kùn náà, gbogbo ayé á rí i pé kò sí ọsibítù kankan nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe jẹ́ kí yàrá méjì ṣófo lábẹ́ ẹsẹ̀ àbúrò mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi fún yín bó ṣe rí gan-an, torí n kò tíì sọ ọ́ rí. Ní àsìkò òtútù, ilẹ̀ kì í tètè mọ́ níbí. Inú òkùnkùn ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, yìnyín á máa dún lábẹ́ bàtà mi, etí mi á dà bí ohun tí wọ́n fẹ́ já. Òtútù yìí kì í ṣe ti ọyẹ́ tí a mọ̀. Ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí ọ̀sán mú ooru wá. Bí mo bá débẹ̀, aláìsàn á dùbúlẹ̀, á ṣí àyà, èmi á lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, mọ́ ọn lọ́wọ́, mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Iná kékeré kan wà tí Ọlọ́run dá sínú ọkàn ènìyàn, òun ló ń pàṣẹ fún un kó tó lù. Ẹ̀rọ mi á gbọ́ ìrìn iná yẹn, á sì fà á ní ìlà sórí bébà tó ní àpótí kéékèèké, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ECG. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí ìrora. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ nìyẹn. Iṣẹ́ gidi ni, kò yẹ kí n ti fi irọ́ bò ó.

Bí mo bá padà délé, kò sẹ́ni tí yóò kí mi kú àbọ̀. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí, rédíò ni mò ń tàn kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Àwọn ọmọ ń pè mí ní ọjọ́ Sunday, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n á ní ó dàbọ̀. Owó tí mò ń gbà kò pọ̀ tó bí mo ṣe máa ń fọ́n ọn nígbà tí mo ṣì máa ń wá kí yín. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wà lórí ìṣó nínú ilé ìdáná mi, lókè kẹ́tùlù. Mo máa ń wò ó bí mo bá ń dúró de omi tíì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀rọ tuntun kan dé sí ọsibítù wa. Ó kéré, ó ń wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Abẹ́ awọ àyà ni wọ́n ń fi í sí, wáyà rẹ̀ á sì wọ inú ọkàn lọ. Kí ẹ lè mọ ohun tó ń ṣe, ẹ rántí àwọn apẹja etí ọ̀sà, nígbà tí ẹ máa ń mú wa lọ ra ẹja ní kékeré. Bí wọ́n bá ń fa àwọ̀n ńlá wá sí etí omi, ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n máa ń pín sí, apá ọ̀tún àti apá òsì, ẹnì kan á sì máa ké sí wọn. Bí apá méjèèjì bá gbọ́ igbe náà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀n á wá gbọọrọ. Bí igbe náà bá pẹ́ kó tó dé apá òsì, apá ọ̀tún á ti fà tán kí òsì tó bẹ̀rẹ̀, àwọ̀n á lọ́, ẹja á bọ́. Ọkàn àwọn aláìsàn kan rí bẹ́ẹ̀. Agbára ṣì kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan ń gbọ́ àṣẹ lẹ́yìn èkejì. Ohun tí ẹ̀rọ tuntun yìí ń ṣe ni pé ó ń ké sí apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkàn tó rẹ̀ ló lè ràn lọ́wọ́. Bébà tí mò ń fà jáde yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń yan ẹni tó yẹ. Bí àṣẹ bá ń pẹ́ lọ́nà, ibi tí ìlà ti gòkè jù lọ á fẹ̀. A ní irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá tó àpótí kékeré mẹ́ta, apá méjèèjì ń gbọ́ àṣẹ pọ̀ nìyẹn, ẹ̀rọ náà kò sì rí nǹkan kan tún ṣe níbẹ̀. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àgàgà tó bá jẹ́ pé apá òsì ló ń pẹ́, dókítà àgbà á ní kí wọ́n pe aláìsàn náà padà. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì wọlé tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá kí wa. Mo sì ti rí géńdé ọkùnrin tó sunkún lójú mi nítorí pé ìlà tirẹ̀ tín-ín-rín.

Bí wọ́n bá ń wọṣọ padà ni mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ṣé òkè lẹ ń sùn ni àbí ìsàlẹ̀? Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ibo lẹ ti máa ń dúró? Gbogbo àwọn òyìnbó tó kọjá lọ́wọ́ mi ni mo ti bi ní ìbéèrè yìí, títí kan àwọn tí n kò ní rí mọ́ láyé. Nígbà náà, n kò tíì bi Ràṣídì rí.

Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ pè mí lórí GSM tuntun yín pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ẹ ní kò lè sùn kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, pé ìrọ̀rí ni Sìkírátù ń tò sí i lẹ́yìn, àfi bí ẹni tó jókòó. Ẹ tún sọ ohun kan tí mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́. Ẹ ní láti inú yàrá kékeré yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ẹ máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ ó gbọ́ tó bá dákẹ́ láàárín, ẹ̀yin náà ó sì dá èémí yín dúró títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó tún ti ń lọ. Mo yí ọ̀rọ̀ padà. Mo béèrè bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà tó ń wò ó ní Bariga fa ìlà ọkàn rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe fọ́tò ọkàn náà pẹ̀lú, ó sì sọ fún wọn pé ọkàn náà ti rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tuntun kan wà lókè òkun, òun kò mọ̀ bóyá yóò bá a mu. Sìkírátù ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi í sí àyà àwọn ènìyàn. Ó gbé bébà náà lọ sí kàfé kan ní Akọ́kà níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń lo kọ̀ǹpútà, wọ́n bá a fi ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde níbi iṣẹ́. Mo gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì mi, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n níbòmíràn lórí ìlà náà. Kò tó àpótí mẹ́ta. Kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Apá ọ̀tún àti apá òsì ọkàn àbúrò mi ń fa àwọ̀n pọ̀ bó ṣe yẹ. Ó ti rẹ àwọn méjèèjì ni.

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n pè yín, Màámi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo sọ fún Sìkírátù pé mo ṣì ń bá àwọn àgbà ọsibítù sọ ọ́. Bí ó bá ti pè ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀, oṣù ń gorí oṣù. Ó sọ fún mi pé òun ti ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nítorí ẹ̀rọ náà. Mo ní kí Ọlọ́run gbà á. Sìkírátù, mo mọ̀ pé o ń ka ibí yìí lójú gbogbo ènìyàn. Mo jẹ́ kí o máa gbààwẹ̀ nítorí ohun tí mo ti mọ̀ pé kò lè ṣe é. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ń wojú mi. Ohun tó sì tún wà níbẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí gbogbo yín bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn.

Ohun tó là mí lójú wá láti ọ̀dọ̀ dókítà àgbà wa, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló máa ń pinnu ẹni tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ sí láyà. Mo gbé bébà Ràṣídì fún un, mo ní ti ará ilé wa kan ni. Ó gbé e sí abẹ́ iná, kò tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó ní kò yẹ fún un, pé bí wọ́n bá fi wáyà sí irú ọkàn yẹn, ewu lásán ni wọ́n fi í sí. Ó béèrè oògùn tó ń lò, ó kọ àfikún méjì tí dókítà ilé lè rò ó wò. Ó dá bébà padà fún mi. Ó wá wò mí, ó bi mí ní ìbéèrè tèmi gan-an.

Ó ní, "Ibo ló ń sùn?"

Mo ní òkè ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Ṣé kò sí yàrá nísàlẹ̀ tí wọ́n lè fún un?"

Màámi, mo dáhùn. Mo ní, "Rárá, kò sí."

Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Obìnrin náà kò mọ Bariga, kò mọ̀ yín, kò ní ohunkóhun fi mí ṣe bí mo bá sọ òótọ́. Ó ní ó mà ṣe o, nítorí pé yàrá ìsàlẹ̀ ni òun ìbá kọ́kọ́ kọ fún un kí òun tó kọ oògùn, kí ó lè máa jáde sí gbangba láìmí hẹlẹ, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ má jìnnà sí i. Ó ní kí ẹbí gbìyànjú kí wọ́n wá ọ̀kan háyà fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, mo jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo pe Ràṣídì lẹ́yìn ìrun. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń gòkè lọ. Mo ní kí ló dé tó ń mí báyẹn, ó ní nẹ́tíwọ́kì ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ń ta káàdì fóònù sọ pé ti òun ń lọ díẹ̀díẹ̀, ti àwa ará òkè òkun ló yá. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo ti ń bi gbogbo ayé. Mo ní, ibo ló ti máa ń dúró?

Ó ní kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè rárá, òun máa ń jókòó ná, lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilẹ̀kùn mi. Ó ní afẹ́fẹ́ títì máa ń fẹ́ síbẹ̀. Bí òun bá sì rántí, òun máa ń kán epo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé díẹ̀ sínú àgádágodo náà, bí òun ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní kí ló ń fi epo sí i fún?

Ó ní, "Kó má baà dípẹtà ni, Bọ̀dá. Kó má lọ jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kò ní ṣí fún yín."

Mo ní nẹ́tíwọ́kì ń já, mo pa fóònù. Irọ́ tí mo pa kẹ́yìn nìyẹn.

Ràṣídì, gbọ́ mi. Ẹ̀rọ náà kò ní bá ọ mu. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí bébà rẹ ti dé, mo fi pamọ́ fún ọ, má bínú sí mi. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti tán. Oògùn tí dókítà Bariga fún ọ dára, má jẹ́ kó wọ́n lọ́wọ́ rẹ, èyí tó ń fa omi kúrò lẹ́sẹ̀ ni kí o má fi ṣeré rárá. Din iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀, bí Màámi tilẹ̀ ń ráhùn pé kò dùn. Mo ti kọ ohun tí dókítà àgbà wa sọ sínú bébà ọ̀tọ̀, kí o fún dókítà rẹ, òun ni kó pinnu. Kí ó sì máa fa ìlà ọkàn rẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé ìlà tó tín-ín-rín lónìí lè fẹ̀ bó bá yá. Bó bá fẹ̀, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè, lọ́tẹ̀ yìí màá sọ òótọ́.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó wà nínú yàrá yẹn, mo mọ̀ pé eku ti jẹ wáyà rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, nígbà tí ìwọ ń lọ tò sórí ìlà níbòmíràn kí wọ́n tó fa ìlà ọkàn rẹ. Ẹ gbé e fún dókítà yẹn bó bá ṣì wúlò. Bí kò bá wúlò, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bẹ́ẹ̀dì tuntun ni kí o tẹ́ síbẹ̀, nítòsí fèrèsé.

Alhaji kan tó ń padà sí Fọlá Agoro ló mú àpò kékeré tó wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí mo fi tì í àti èkejì rẹ̀. N kò fi ọ̀kankan pamọ́. Ìṣó òkè kẹ́tùlù mi ti ṣófo. Màámi, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti gba yàrá náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn tó wà níbẹ̀ rí i. Mi ò yá a ní yàrá. Tirẹ̀ ni, tàwọn ọmọ rẹ̀ ni lẹ́yìn rẹ̀, bí Bàbá ṣe fi í sí. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí n wá kí yín, kí ẹnikẹ́ni má palẹ̀ rẹ̀ mọ́ dè mí. Òkè, lábẹ́ páànù, ni kí ẹ tẹ́ ẹní fún mi sí.

Ràṣídì, fọwọ́ ara rẹ ṣí i. Kò ní ṣòro, ìwọ lo ń fi epo sí i.

Màámi, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa pẹ̀lú àlàáfíà. Kó jẹ́ kí oorun yín dùn láti òní lọ, láìsí pé ẹ ń fetí sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn. Kó fún Ràṣídì ní èémí tó gùn, kó gba ààwẹ̀ Sìkírátù fún ohun tó sàn ju èyí tí mo fi tàn án lọ. Ẹ bá mi kí àwọn ayálégbé, ẹ bá mi kí àwọn atẹ̀wé Bajulaiye tó bá ṣì kù nínú àwọn tó ti ọmọlanke lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún ẹni tó pè mí ní dókítà pé mo gbọ́ ọ.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,

Gàníyù.